Àlejò Bí Òkété Là Ń Fi Èkùrọ́ Lọ̀

Ilé làbọ̀ sinmi oko, ni àwọn àgbà máa ń wí. Ẹni tó bá ti oko dé, ilé ni yóò ti sọ ẹrù kalẹ̀, tí yóò bu omi sára, tí yóò sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ibi ìsinmi mọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò kì í jẹ́ kí wọ́n sùn; àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde; fóònù kì í dákẹ́, iṣẹ́ ilé kì í sì í tán nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àṣà tuntun kan fi gbòde. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tọkọtaya yóò di aṣọ díẹ̀ sínú àpò, wọn yóò sì lọ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà sí ilé wọn. Wọn kò kúrò nílùú, wọn kò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àlejò ni wọ́n lọ ṣe nínú ìlú ara wọn. Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọn a padà sílé.

Kò sí ohun tó burú nínú àṣà yìí fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a. Ara kì í ṣe òkúta, ìsinmi sì dára fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìdí tábìlì oúnjẹ, pàápàá fún àwọn tí wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní í fi ohunkóhun tó ti ara ẹlẹ́mìí wá sẹ́nu mọ́. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láàrin àwọn àgbà tí dókítà ti kìlọ̀ fún, àti láàrin àwọn tí àánú ẹranko ń ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni dáadáa, kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sinmi ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn láti ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó wọn. Ìyá yìí kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹyin, kì í mu wàrà, kì í sì í lá oyin. Wọ́n jókòó lálẹ́, agbáwo sì dé, ọmọ tó mọ ìwà hù, ó fi ìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí wọn.

"Ẹ káalẹ́ mà, ẹ káalẹ́ sà. Kí ni ká gbé wá?"

"Ọmọ mi, àmàlà àti ewédú ni kí o bá mi gbé wá. N kì í jẹ ẹran o."

"Kò sí wàhálà, mà. Ẹja ńkọ́?"

"N kì í jẹ ẹja náà."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. A ó bá yín fi pọ̀nmọ́ sí i."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé. Nígbà tí àwo dé, edé pupa ló kún inú ewédú. Ó fi ṣíbí tọ́ka sí i. Agbáwo bẹ ìyá náà, ó ní, "Edé nìyẹn, mà, kì í ṣe ẹran." Níkẹyìn, ànàmọ́ òyìnbó díndín àti kùkúńbà ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ìlú tí òkìkí àmàlà rẹ̀ kàn káàkiri, ànàmọ́ òyìnbó ni ìyá àgbà fi sùn.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ìbínú yóò fẹ́ dá agbáwo lẹ́bi, ṣùgbọ́n bí a bá fi etí sí èdè tí ó sọ, ọmọ náà kò parọ́. Nínú èdè Yorùbá, ẹrù méjì ni ọ̀rọ̀ náà ẹran ń rù. Òun ni ẹranko tí ó wà láàyè, a ń pe ewúrẹ́ ní ẹran ọ̀sìn, a ń pe àgbọ̀nrín ní ẹran ìgbẹ́. Òun náà sì ni ègé tí ó wà nínú ọbẹ̀. Ẹja kò sí nínú ẹrù yìí, orúkọ tirẹ̀ dá dúró. Edé kò sí níbẹ̀, ìgbín kò sí níbẹ̀. Lẹ́nu alásè, awọ ni pọ̀nmọ́. Edé gígún, èròjà ni, bí iyọ̀ àti ata. Omi tí wọ́n fi bọ ẹran, omi ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n dà sínú jọ̀lọ́ọ̀fù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn magí kan wà tí wọ́n fi ohun tó ti ara adìẹ tàbí edé wá ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá wí fún alásè Yorùbá pé òun kì í jẹ ẹran kò tíì sọ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ.

Síbẹ̀ èdè náà kò tálákà. Ọ̀rọ̀ kan wà tó mú ju ẹran lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ni ẹlẹ́mìí. Àwọn tó ń se mọ́ínmọ́ín pàápàá mọ̀ ọ́n, nítorí bí wọ́n bá fi ẹyin, ẹja àti ẹran inú agolo sínú rẹ̀, wọn a máa yangàn pé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni àwọn ń tà. Àwàdà ló wà nídìí orúkọ náà, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú àwàdà ọ̀hún: wọ́n gbà pé ohun tí àwọn fi sí i ti ní ẹ̀mí rí. Bí àlejò bá sọ pé, "N kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí, títí kan edé, pọ̀nmọ́, ẹyin àti omi ẹran," kò sí alásè tí kò ní í yé.

Ẹlòmíràn yóò wí pé àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí, pé kí ló kan Yorùbá níbẹ̀. Òótọ́ ni pé orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìjẹun yìí lágbàáyé, ìyẹn vegan, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ní ọdún 1944 ni Donald Watson àti àwọn ènìyàn díẹ̀ mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ náà, láti ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kì í jẹ ẹran ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mu wàrà, tí wọ́n sì ń jẹ ẹyin. Ṣùgbọ́n ìṣe náà ti pẹ́ ju orúkọ rẹ̀ lọ: ní ilẹ̀ Íńdíà, ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ẹlẹ́sìn Jain ti ń sá fún ẹran jíjẹ.

Ní ti Yorùbá, kò ní í bójú mu kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ àwọn baba ńlá pé wọn kì í jẹ ẹran. Ọdẹ wà, apẹja wà, ẹbọ wà, ọdún kì í sì í kọjá láìdúńbú àgbò. Ohun tí a lè sọ láìṣiyèméjì ni pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ẹran kò fìgbà kan jẹ́ oúnjẹ. Ohun tí wọ́n fi ń ran oúnjẹ lọ́wọ́ ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi to oúnjẹ ní ipò-ipò: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Iṣu ni iyán, èlùbọ́ iṣu ni ọkà, àgbàdo ni ẹ̀kọ, àgbàdo náà ni gúgúrú. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ọ̀kan tó ti ara ẹlẹ́mìí wá. Ìran tó bá to oúnjẹ rẹ̀ báyìí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ó ti yẹ kó lọ kọ́ bí a ti ń jẹ ohun oko. Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ olóko.

Kí wá ni àlejò bẹ́ẹ̀ lè jẹ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí yóò fi gbádùn ara rẹ̀, tí kò ní í máa wo àwo ẹlòmíràn?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n fún un ní àmàlà tó gbóná, tó dúdú, tó ń dán. Kí wọ́n fi gbẹ̀gìrì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sè títí tó fi yọ́, tí wọ́n fi epo pupa, ata àti irú sí. Kí ewédú tí wọ́n fi ìjábẹ̀ já wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ọbẹ̀ ata sì dà lé e lórí. Bí irú bá pé nínú ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti pe aládùúgbò wọlé. Èso igi igbá ni irú, kò lẹ́mìí bí ẹran; ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìṣasùn, edé kò lè ṣe jù ú lọ. Àwọn obìnrin tó ń se é, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n sì ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó di irú, ti ń ṣe èyí kí magí tó dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni àkàrà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n má ṣáà ti dín in nínú òróró tí wọ́n fi dín ẹja lánàá. Bí oòrùn bá kan àtàrí, kí wọ́n gún iyán, kí wọ́n sì se ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí tí wọ́n fi olú sí dípò ẹran. Ẹni tó bá ti jẹ olú tí wọ́n sè dáadáa mọ̀ pé eyín kì í mọ ìyàtọ̀ kíákíá. Ẹ̀fọ́ nìkan tó ohun tí òtẹ́ẹ̀lì lè fi dárà lójoojúmọ́ láìtún ọ̀kan sè: tẹ̀tẹ̀ wà, ṣọkọ wà, gbúre, ebòlò, wọ̀rọ̀wọ́, yánrin, ìṣápá, ewúro àti ọ̀dú. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń gbàgbé orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewé tí a kò bá sè mọ́, kò ní í pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò fi kú lẹ́nu ọmọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ̀kuru funfun àti ẹ̀kọ tútù wọlé pẹ̀lú ata díndín tó ta lẹ́nu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí àdàlú àti dòdò kádìí rẹ̀, tàbí ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì tí kò ní wàrà tàbí bọ́tà nínú. Láàrin oúnjẹ sí oúnjẹ, gúgúrú àti ẹ̀pà wà, àádùn wà, róbó tí wọ́n fi ègúsí ṣe wà. Bí ìgbà agbálùmọ̀ bá sì ti tó, kí ni ènìyàn tún ń fi ṣúgà ṣe? Ẹ kò ní í rí ẹlẹ́mìí kan nínú gbogbo rẹ̀, ẹ kò sì ní í rí ànàmọ́ òyìnbó.

Àkàrà tí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń fi ojú oúnjẹ ìgbèríko wò yìí ti ré òkun kọjá. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní acarajé títí di òní. Ní ọdún 2005, ìjọba ilẹ̀ náà kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè wọn. Òótọ́ ni pé àwọn náà ń fi edé há a láàrin. Ṣùgbọ́n wọ́n kò tijú àkàrà. Ojú títì ni wọ́n ti ń tà á, àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè sì ń tò láti rà á.

Àwọn tí wọ́n ń tako irú ìjẹun yìí ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èkínní ni pé ẹran ni àpọ́nlé. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Adìẹ ni wọ́n ń pa fún àlejò pàtàkì, kì í ṣe ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń já. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ni adìẹ náà ń sọ fún àlejò? Ohun tó ń sọ ni pé, "O ṣe iyebíye lójú wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi náwó, tí a sì fi ṣe wàhálà nítorí rẹ." Ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, tí wọ́n bó lẹ́yọ-lẹ́yọ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, tí wọ́n sì sè fún wákàtí kan, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó ti bó ẹ̀wà rí kò ní í pe mọ́ínmọ́ín ní oúnjẹ ọ̀lẹ.

Èkejì ni pé oúnjẹ aláìní ni oúnjẹ tí kò ní ẹran. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dun àwọn àgbà jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà nígbà tí ègé ẹran kan ṣoṣo ń yí gbogbo ọmọ ilé ká, tí bàbá sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Kò sí ẹni tó yẹ kó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹran wọn lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹran jẹ yàtọ̀ sí ẹni tó rí i tó fi í sílẹ̀. Àìní ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì, ìpinnu ni, ìpinnu àgbàlagbà sì yẹ lọ́wọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ okun ara. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ègúsí àti sóyà ní èròjà tí ń mú ara dàgbà lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, wà lára àwọn tó kọ́ àwọn ará Nàìjíríà bí wọ́n ṣe lè fi sóyà se oúnjẹ ilé. Síbẹ̀ òtítọ́ kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi pamọ́: ohun ọ̀gbìn kì í fún ara ní fítámì B12, tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara nílò. Ẹni tí kò bá jẹ ohun ẹlẹ́mìí rárá ní láti máa lo fítámì náà tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi kún, kí ó sì máa bi dókítà rẹ̀ léèrè. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta kò lè dá àìsàn yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta lè dá a sílẹ̀.

Nígbà tí a bá ti gbọ́ gbogbo èyí tán, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù kù nílẹ̀, ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ni. Ilẹ̀ Yorùbá kò fìgbà kan rò pé ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ máa jẹ. Olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Ìdílé ìbejì kì í jẹ ẹdun. Babaláwo a máa sọ èèwọ̀ fún oníkálukú, ohun tí ọmọ ìyá kan ń jẹ sì lè jẹ́ èèwọ̀ èkejì. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ìjọ Kristẹni kan náà kì í sì í jẹ ẹ́. Kò sí ọmọlúwàbí tí ó ń wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé, "Jẹ díẹ̀, kò ní í pa ọ́." Kò sí ẹni tó ń fi ẹmu pamọ́ sínú omi fún olórìṣà, kí ó sì pè é ní èròjà. Àwọn baba kò bèèrè bóyá èèwọ̀ náà mọ́gbọ́n dání lójú tiwọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Èèwọ̀ tí ìyá àgbà kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ka ara rẹ̀ lérí, ọ̀wọ̀ kan náà ló tọ́ sí i.

Ohun tí òwe náà ń wí nìyẹn: àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Òkété kò bèèrè ẹran lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá pa màlúù fún òkété ti náwó, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe é lálejò.

Òtẹ́ẹ̀lì ti gba iṣẹ́ baálé ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó gba ìwà rẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n bi àlejò léèrè ní ọjọ́ tó bá gba yàrá, kì í ṣe nígbà tí ebi bá ti ń pa á. Kí wọ́n ya ìṣasùn kan àti òróró kan sọ́tọ̀. Kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí edé má baà máa yọjú bí olè. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ oúnjẹ sísè pẹ̀lú lè fi gbẹ̀gìrì àti ẹ̀kuru sí ipò kan náà tí wọ́n fi oúnjẹ òyìnbó sí.

Àlejò náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹ̀wà tí a kò rẹ kò ṣeé bó. Kí ó pe òtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní odidi. Kí ó má sì fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wo ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ ẹran ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí àwo ẹni ni a ń mójú tó.

Ọmọ tó fẹ́ fi pọ̀nmọ́ sí ewédú ìyá àgbà ní ìtẹríba, ó ní sùúrù, ó sì fẹ́ kí inú àlejò rẹ̀ dùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn kò kọ́ ọ, ìbéèrè tí àwọn ìyá rẹ̀ àgbà mọ̀ kí òtẹ́ẹ̀lì tó dé ilẹ̀ yìí: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni ẹ kì í jẹ?"